Ìka Tí Kò Nà Mọ́

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì ni mo ti ń lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, láti bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jẹ iyán. Inú àwo kan náà la ti máa ń jẹ ẹ́. Bí ìyá wa ṣe tọ́ wa nìyẹn: ẹ̀gbọ́n á kọ́kọ́ bu òkèlè, àbúrò á tẹ̀lé e, ẹ̀gbọ́n á pín ẹran, àbúrò á palẹ̀ àwo mọ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ìyàwó tèmi náà ti lọ. Nílé mi l'Ákùúrẹ́, bàbá àgbà ni gbogbo ayé ń pè mí. Ìdí àwo yẹn nìkan ni mo ti ṣì jẹ́ ọmọdé.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, àwo méjì ló gbé wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àlejò ń bọ̀ ni?"

"Àlejò wo? Jẹun rẹ, iyán ń tutù."

Ife omi mi náà yàtọ̀, ike ni. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yọ́ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún mi, tó sì ń yára kúrò níbẹ̀. Ìka ọmọńdinrín mi àti èyí tó tẹ̀lé e ti ká wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Kókó kékeré kan bí ẹ̀wà ló kọ́kọ́ yọ níbẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Mo rò pé àdá tí mo fi ń ṣán ẹ̀yìnkùlé ló fà á. Kókó náà wá le, ó nà bí okùn lábẹ́ awọ ara, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìka mi. Mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òrí pa á, mo fi ọwọ́ kejì nà án títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìka ò gbọ́. Òmíràn tún wá yọ sí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ mi òsì, tí mo fi ń rìn bí ẹni tí òkúta wà nínú bàtà rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń wò. Nígbà èwe wa, àbúrò bàbá wa kan ń dá gbé nínú ahéré ní oko kòkó. Bí ìka tirẹ̀ ṣe ká náà nìyẹn. Wọ́n ní ẹ̀tẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kò sí ẹni tó ń bá a jẹun. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni wọ́n máa ń rán lọ gbé oúnjẹ fún un. Á gbé e lé orí kùkùté kan, á sún sẹ́yìn dáadáa, kó tó pè é. Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí.

Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà s'Ákùúrẹ́ lọ́jọ́ náà, inú àpò ṣòkòtò ni mo ki ọwọ́ bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè jókòó sójú kan. Mo jí, mo fi abẹ́rẹ́ gún ìka mi wò bóyá ó ṣì ń dùn mí. Mo mu tíì, mo tún gún un. Mo ń ti pálọ̀ bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ padà sí pálọ̀. Èmi tí mo lọ sí yunifásítì nígbà tí àwọn tó lọ kò tíì pọ̀, tí àwa ọ̀rẹ́ jọ ń mu gàrí nínú abọ́ kan ṣoṣo tí a sì ń jà sí ẹ̀pà ìsàlẹ̀ rẹ̀! Ta ni yóò tún bá mi ki ọwọ́ bọ inú abọ́?

Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ sí ọsibítù. Dókítà náà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí àbígbẹ̀yìn mi jù lọ lọ́jọ́ orí, ní kí n tẹ́ ọwọ́ lé tábìlì pẹrẹsẹ. Kò tẹ́.

"Dádì, èkúté lè gba abẹ́ ọwọ́ yín kọjá o."

Mi ò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀tẹ̀ ni?"

Ó ní kí n di ojú. Ó ń fi òwú kan ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bi mí pé èwo ni. Mo mọ gbogbo rẹ̀.

"Kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Ẹ̀tẹ̀ kì í jẹ́ kí ìka mọ ohun tó kàn án. Ẹ̀tẹ̀ gan-an, oògùn ti wà fún un. Iṣan kan bí aṣọ líle wà lábẹ́ awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ gbogbo wa. Tiyín ló ń ki, tó ń sún kì. Kò ràn, kì í sì í pààyàn. Kò wọ́pọ̀ láàárín àwa dúdú rárá. Ẹ má nà án mọ́, ẹ ò lè fi ipá nà án. Tó bá ká jù, a lè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ti ẹsẹ̀, ẹ wá bàtà tí inú rẹ̀ rọ̀." Ó gbé ojú sókè. "Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ta ló ní irú rẹ̀ nílé yín?"

Mo sọ ti bàbá inú oko fún un.

"Ṣé iná máa ń jó ìka rẹ̀ kó má mọ̀?"

Mi ò lè sọ. Ọmọdé ni mí nígbà náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó lè mọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwo méjì náà ni mo tún bá nílẹ̀. Mo sọ gbogbo ohun tí dókítà wí. Ẹ̀gbọ́n mi ń gbọ́, ó ń fi ìka ta eṣinṣin tí kò sí níbẹ̀.

"Dókítà! Kí ni wọn ò ní í sọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá inú oko yẹn, ṣé ó máa ń mọ̀ tí iná bá jó o?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ṣebí ó máa ń sun iṣu dè mí. Tó bá yọ ọ́ nínú eérú, á máa jù ú láti ọwọ́ kan sí èkejì, á máa pariwo pé, 'Yéè! Iṣu yìí fẹ́ pa mí o!' Èmi á máa fi í rẹ́rìn-ín lọ́ọ̀ọ́kán..."

Ó dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, kò wo ojú mi.

"Ó máa ń yí iṣu yẹn sí mi pé kí n jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ìyá wa ní tí mo bá fi kan ẹnu, ìka mi á ká. Inú igbó ni mo máa ń jù ú sí."

Ó gbé àwo mi, ó da iyán inú rẹ̀ lé orí tirẹ̀, ó da ọbẹ̀ pọ̀.

"Gbé ọwọ́ akàn yẹn wá. Kí lò ń wò?"

Òun ló kọ́kọ́ bu òkèlè, mo tẹ̀lé e. Ó pín ẹran, ó fún mi ní èyí tó tóbi, ohun tí kò ṣe rí. Nígbà tí mo ń palẹ̀ àwo mọ́, ó ní, "Ṣé ẹsẹ̀ rẹ lè dé oko kòkó yẹn?"

"Ó ń dùn mí tí mo bá tẹ̀ ẹ́."

"Orúnkún tèmi náà ń dùn mí. Wá lówùúrọ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀, kí oòrùn tó mú. A ó ra iṣu lọ́wọ́."