Orin Tí Mo Sọ Di Mùsùlùmí

Èmi ni mo ni orin náà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí ó ń bí mi nínú títí dòní. Nǹkan bí ọdún 1991 ni, ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, a ò bímọ, ilé wá dá wáí. Mo ṣe orin náà kí àwọn ọmọ ilé kéwú mi lè rí nǹkan kọ níbi wòlímà wọn.

Lọ́jọ́ wòlímà ọ̀hún, lẹ́bàá Ọjà-Ọba, mo lé orin, àwọn ọmọ gbè é. Bí a ṣe parí ni ìyá àgbàlagbà kan sún mọ́ mi.

“Áfáà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ni í.”

Mo bi í pé ta ló ni í. Ó fa kásẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú báàgì rẹ̀. Àwòrán ọ̀rẹ́ mi ló wà lára rẹ̀, ó wé láwàní, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ọjọ́ Iléyá ni. Orin mi ló wà nínú rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́jà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orin náà kọ́ àwọn ọmọ, èmi nìkan ni ò gbọ́.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún mi láyé nìyẹn. Ọjọ́ Sunday la jọ máa ń lọ wo fíìmù Íńdíà ní sinimá. A ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ń sunkún làwa náà ti ń sunkún. Láti ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì ti jáde, kò yà sílé mi mọ́, mo sì ti ń rò pé ara rẹ̀ ni ò yá. Nígbà tí mo mọ ìdí rẹ̀, èmi náà ò lọ bá a. Orí kunkun mi kì í ṣe kékeré. Odindi ọ̀sẹ̀ lè kọjá kẹ́nikẹ́ni má kan ilẹ̀kùn mi.

Ni mo bá gba GRA lọ, lọ́dọ̀ lọ́yà kan. Mo ro ẹjọ́ ọ̀rẹ́ mi fún un, mo sì dárúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí ẹjọ́ náà.

“Òfin tuntun ti wà fún irú èyí. Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe ọ̀rọ̀ orin náà?”

“Èmi ni, sà.”

“Ohùn rẹ̀ ńkọ́?”

Mo wúkọ́. Láàárín àwa tí à ń yin Ànọ́bì, kì í ṣe ìtìjú: ohùn tó bá dùn nínú fíìmù Íńdíà, a ó yọ olólùfẹ́ kúrò nínú rẹ̀, a ó fi Ànọ́bì sí i. A tilẹ̀ máa ń yangàn pé a ti sọ orin náà di mùsùlùmí. Mo ṣàlàyé fún un pé ibẹ̀ ni mo ti mú ohùn tèmi náà. Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀.

“Olè ní ń mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta! Áfáà, ní Íńdíà lọ́hùn-ún gan-an, wọ́n ń pe ara wọn lẹ́jọ́ lórí ohùn orin. Tí ẹni tó ni í bá gbọ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ dúró níwájú adájọ́.”

Ojú tì mí. N ò rò ó rí pé ohùn yẹn ní ẹni tó ni í, tó ṣeé ṣe kó jókòó síbìkan kínú máa bí i bíi tèmi.

“Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ lohùn, ọ̀tọ̀ lọ̀rọ̀,” lọ́yà ní. “Ọ̀rọ̀ la ó fi mú un. Ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?”

“Orí ni mo ń kọ tèmi sí.”

“Ẹ mú ẹlẹ́rìí wá nígbà náà. Ẹnì kan tó wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é.”

Mo ronú. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni mo máa ń ṣe é, lórí ẹní, láàárín ogójì ọjọ́ ìyàwó mi. Ẹnì kan máa ń wà níbẹ̀ lóòótọ́. Tí mo bá dé ibi tí mo ti ń tọrọ àlùjánnà fún ìyàwó mi, tí ẹkún bá gba ohùn lẹ́nu mi, òun ló máa ń bá mi kọ ọ́ parí.

“Ẹnì kan wà,” ni mo sọ.

Lọ́yà mú bírò. “Kí lorúkọ rẹ̀?”

Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi. Ó kọ ọ́ dé ìdajì, ó wo ojú mi, ó sì dé bírò rẹ̀.