Ọjọ́ Tí Àáró Ọmọ Kan Bàbá Ajíbádé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìkọ̀lé nígbà ogun Hítílà. Ẹ mọ̀ pé n kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ẹ̀yìn ọjà ni àdúgbò wa wà nígbà náà. Àwọn tó wá láti Ùsì, láti Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, láti ibi gbogbo, tí wọn kò ní ilẹ̀ oko nílùú, ibẹ̀ ni wọ́n ń rọ́ dà sí. Yàrá kan ṣoṣo, ìdílé méjì! Ọkọ mi ti lọ ṣe sọ́jà, ó fi èmi àti Kọ́lá sílẹ̀, ọmọ wa ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn.

Kí ni mo fi ń jẹun? Èkùrọ́ ni. Ogun yẹn mú kí òyìnbó máa fi ojú méjèèjì wá èkùrọ́, torí náà gbogbo obìnrin àdúgbò wa ló ń lọ ṣa á nínú igbó, tí a sì ń fi òkúta pa á.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ńkọ́? Ejò wà nínú igbó, a kò lè kó wọn lọ. Kò sì sẹ́ni nílé. Lọ́jọ́ kan ni Fọlákẹ́, ọmọdébìnrin aládùúgbò mi, ṣubú sínú iná ìdáná. Apá rẹ̀ bó. Ó yè, ṣùgbọ́n apá náà ká, kò nà mọ́. Inú bí mi gan-an. Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ni mo bínú sí o! Ẹni tí ebi ń lé jáde nílé, kí ni kó ṣe?

Mo pe àwọn obìnrin jọ. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n mọ àáró tí àwọn ọkùnrin máa ń ṣe, tí wọ́n á pawọ́ pọ̀ ro oko lágbájá lónìí, tí wọ́n á ro oko tàmẹ̀dò lọ́la. Kí ló dé tí àwa kò lè fi ọmọ ṣe àáró? Kí obìnrin méjì dúró sílé lónìí, kí wọ́n tọ́jú gbogbo ọmọ, kí wọ́n sì fún wọn lóúnjẹ, kí àwọn méjì mìíràn gbà á lọ́la. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ìyá Fọlákẹ́ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ gbà láti dúró.

Ilé kan wà lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ti Bàbá Ajíbádé, olórí àdúgbò. A tọrọ rẹ̀, ó fún wa. A gbá a, a pa ilẹ̀ rẹ̀ dán. Ẹni tó ní iṣu ń mú iṣu wá, ẹni tó ní ẹ̀fọ́ ń mú ẹ̀fọ́ wá, ẹni tí kò ní nǹkan kan á lọ pọn omi. Àwọn ọmọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í sanra! Kọ́lá tó jẹ́ egungun lásán ti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Àfi bí ọkùnrin kan tó ń ra èkùrọ́ ṣe dé, tó ń wá ibi tí yóò máa kó báàgì sí. Bàbá Ajíbádé ránṣẹ́ sí wa pé ká kó jáde. Èkùrọ́ tí a fi ọwọ́ ara wa pa ló fẹ́ lé ọmọ wa síta! Ẹ ò rí nǹkan?

A lọ bẹ̀ ẹ́. A kúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ro wá. Ó ní a ti lo ilé náà tó. Ó ní òun kò gbọ́ ọ rí láyé pé obìnrin ń ṣe àáró, pé oko ni wọ́n ń fi àáró ṣe. Ó wá ní, "Ulé àwọn bàbá mi ni. Ẹ kó àwọn ọmọ yín, kí kálukú lọ wo tirẹ̀."

Kálukú kẹ̀! Ọkùnrin yìí kan náà ni, bí a bá ń sọmọ lórúkọ, tó máa ń dìde pé òun ni bàbá gbogbo ọmọ àdúgbò. Àwa kan náà la sì ń ru iṣu rẹ̀ láti oko wálé lọ́dọọdún, láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ náà títí. Iṣẹ́ tí a bá ẹlòmíràn ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé kì í ṣe àáró ni? Ẹni tó bá sì jẹ àáró, ṣé kì í san án? Ọkùnrin tó bá jẹ àáró nílẹ̀ wa tí kò san án, kò tún ní ojú tí yóò fi pe ẹnikẹ́ni sóko.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wa pọn ọmọ, a fa àwọn tó lè rìn lọ́wọ́, ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Ajíbádé. Àwọn àgbà bíi mélòó kan jókòó tì í, wọ́n ń run pákò. A kí wọn, a kúnlẹ̀ dáadáa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé pé a kúnlẹ̀ o! Lẹ́yìn náà ni mo gbé Kọ́lá kalẹ̀ síwájú rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ojúmọ́. Àwa ti ṣe tiwa, a ti bá yín ru iṣu. Lónìí, àáró ti kàn yín."

Ó bi mí pé kí ni mò ń sọ. Ìyá Fọlákẹ́ gbé tirẹ̀ kalẹ̀, àwọn tó kù sì gbé tiwọn kalẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà ti ń fi ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bọ́. A dìde, a gbé agbọ̀n wa, a gba ọ̀nà igbó lọ.

Ṣé ẹ rò pé àyà mi kò já ni? Ó já! Gbogbo bí mo ṣe ń ṣa èkùrọ́ ló ń ṣe mí bíi pé mò ń gbọ́ igbe Kọ́lá. Bí wọ́n bá lé wa kúrò nílùú ńkọ́? Ibo ni ọkọ mi yóò ti wá mi bí ogun bá parí? Ṣùgbọ́n bí mo bá padà, kí ni mo fẹ́ padà lọ bá? Iná ìdáná tó bó ọmọ ọlọ́mọ lápá?

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé. Fìlà Bàbá Ajíbádé ti di ohun ìṣeré lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ti se iṣu, ó ti rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu. Kọ́lá ti tọ̀ sí bàbá náà láṣọ, ó sì ti sùn lọ láyà rẹ̀, kò jẹ́ kó lè dìde. Fọlákẹ́ jókòó tì wọ́n, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ kan tó dára lé eṣinṣin kúrò lójú Kọ́lá. Bàbá ń wò ó.

Ó bi wá pé kí ló ṣe apá ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ dáhùn pé ọmọ náà nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ tó ṣubú síná.

Bàbá fi ọwọ́ kan apá náà. Ó wá ní, "Ẹ kó wọn padà sí ulé náà. Kí ẹni tó ni èkùrọ́ wá ibòmíràn."

Ó fi kún un pé a ti yájú sí òun, ká mú ewúrẹ́ kan wá fi tọrọ àforíjì. Mo dúpẹ́ fún ilé. Ní ti ewúrẹ́, a kò mú un wá títí bàbá fi kú.

Kí ni mo rí kọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n wí pé ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń wò ó. Ẹnu lásán ni bí kò bá sí ẹni tí yóò jókòó ti ọmọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín láé pé ìyá ọmọ tálákà nìkan ló ni ín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló wo ọmọ yín nígbà tí ẹ wá oúnjẹ lọ? Ta ló sì fẹ́ lé wọn síta? Ẹ sọ tiyín, etí mi wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bú mi pé mo rí àgbà fín, kí wọ́n máa bú mi lọ. Ọmọ ni mo gbé fún àgbà. Bí àgbà bá ka ọmọ sí ìwọ̀sí, kì í ṣe èmi ni kí wọ́n bá wí.