Bí Mo Ṣe Lọ Mú Àbúrò Mi, Òṣèré Aláìfọhùn, Wálé láti Thamesmead

Ọpẹ́ ni fún Allah, Ọba tó dá ahọ́n sí wa lẹ́nu tó sì fún un níṣẹ́. Mo lọ, mo bọ̀, ara mi ò sì kọ oúnjẹ. Alihamudulilahi.

Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà ni mo ti kúrò nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá wa ló rán mi. Wọn ò ríran mọ́ láti ọdún tó kọjá, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń tọrọ ni kí wọ́n gbóhùn Wàsíù, àbúrò mi, nínú ilé kí ọlọ́jọ́ tó dé. Wàsíù ti lo ọgbọ̀n ọdún ní London. Òṣèré ló pe ara rẹ̀. Sinimá aláìfọhùn ló ń ṣe, irú ti ayé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá ní kó pè wá, fíìmù ni yóò fi ránṣẹ́. Kí ni ẹni tí kò ríran fẹ́ fi fíìmù tí kò lóhùn ṣe?

Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú ní London, mo wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní DLR lọ sí Woolwich Arsenal. Ọkọ̀ náà kò ní awakọ̀. Èrò jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń tẹ fóònù, kò sẹ́ni tó ṣe bísímílà. Nílé, màlúù gan-an ní darandaran. Nínú ọjà Woolwich, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́ta ni wọ́n tà fún mi ní pọ́n-ùn méjì, ó rọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú àìsàn dìde. Lẹ́bàá odò, níbi tí wọ́n ti ń rọ ìbọn tẹ́lẹ̀, ilé gogoro ni wọ́n kọ́ síbẹ̀ báyìí, fèrèsé pọ̀ ju ènìyàn lọ.

Takisí gba pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ́wọ́ mi dé Thamesmead, àdúgbò tí Wàsíù ń gbé. Ọmọ Ìbàdàn ni awakọ̀. Mo sọ ẹni tí mo ń lọ bá fún un.

"Háà, Mọ́mì! Ṣé Ọ́ńkù tó máa ń ṣubú?"

"Ṣubú báwo?"

"Nínú fíìmù ni. Ọ̀gá bá wọlé báyìí, gbì! Ọ́ńkù ti nà sílẹ̀. Àwọn òyìnbó á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ń fi tuntun hàn lónìí, mo máa já yín síbẹ̀."

A kọjá lára ògiri gíga kan. Mo bi í bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn òṣèré sí. Ó ní rárá o, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni. Mo ní kò burú, wọn ò jìnnà síra.

Ilé ìkẹ́rùsí kan tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń fi fíìmù náà hàn. Mo jókòó sẹ́yìn. Wọ́n pa iná, fíìmù bẹ̀rẹ̀, Wàsíù yọ lára ògiri, ó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ. Bàbá arúgbó kan wọlé, Wàsíù sì nà gbalaja, àyà kan ilẹ̀, ọwọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Kò ṣubú. Ó dọ̀bálẹ̀ ni!

Nígbà tí iná tàn, ó rí mi, ó sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ilé tún bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

"Dìde, aláwàdà," ni mo wí.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wáṣẹ́ lọ, mo rí i pé ọ̀gá wọn ti hewú, mo bá dọ̀bálẹ̀ fún un. Wọ́n rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n ní kí n tún un ṣe."

"O sì tún un ṣe."

"Ọgbọ̀n ọdún, Àǹtí mi."

"Ìkíni tí Bàbá fi pàṣán kọ́ ọ! O kí gbogbo òyìnbó tán, o ò ráyè kí ìyá rẹ."

"Ojú ló ń tì mí. Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

"Ta ló ní kó o ṣe wàásù? 'Ẹ káàárọ̀' tó."

Lọ́jọ́ kẹta, a jọ wọ ọkọ̀ òfurufú.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì la wọlé. Wàsíù dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá, ó dákẹ́ bí ẹni pé wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀. Ìyá ń yíjú kiri.

"Ta nìyẹn?"

Mo fi ẹsẹ̀ tì í. "Ẹnu dà?"

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá mi. Èmi Wàsíù ni."

Ìyá na ọwọ́ títí wọ́n fi kan ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn ò sọ pé kó dìde. Àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí òun alára ti gbàgbé. Nígbà tó fẹ́ gbéra, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Dúró síbẹ̀. Máa ṣe àmín kí n gbọ́. Mi ò tíì ṣetán."

Ohun tí ìrìn àjò yìí kọ́ mi ni pé ibi tí wọn ò bá ti mọ ìkíni ẹni, wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́ ló jẹ̀bi. Ìwọ tó ka èyí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀nà jíjìn gba ohùn ọmọ rẹ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín.