Òdo Tí Wọ́n Fa Ìlà Gba Àárín Rẹ̀

Inú mi ò tíì rọ̀ sí arábìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé l'Ódòde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà ìṣirò ní Aládé, fi ìbéèrè ìdánwò rán mi sí i. Ó ti ṣàlàyé fún mi pé nínú ìṣirò, òdo tí wọ́n fa ìlà gba àárín rẹ̀ kì í ṣe òdo, àmì agbọ̀n tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ni. Èmi àgbẹ̀ kòkó, ṣé mi ò mọ agbọ̀n òfìfo ni?

Òdo lásán ni mo bá nínú ìwé tí arábìnrin náà tẹ̀ jáde.

"Bàbá, tíṣà yín ṣì í kọ, ó sì fagi lé e. Mo ti bá a tún un ṣe."

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Ọ̀la ni ìdánwò!"

"Àmì yẹn kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín."

Èmi tí mò ń fi àdá pa ejò lóko, mi ò lè fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù. Mo rò pé bí mo bá mí sí i, gbogbo ìwé á parẹ́.

Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó fi àmì náà ránṣẹ́ sórí Wasáàpù, ó ní kí wọ́n dà á kọ láti ibẹ̀.

Arábìnrin náà pòṣé. "Nítorí òdo?"

"Mi ò kúrò níbí."

Ó tẹ òmíràn jáde. Mo wo ojú ìwé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fa ti àkọ́kọ́ ya lójú ẹ̀, mo gun ọ̀kadà lọ Aládé.