Àga Pupa Ọ̀gá Mi

Tí mo bá rí àga pupa lónìí, ọ̀gá mi àtijọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù irun ní Parnell Street ni mo máa ń rántí. Owó ń ṣàn ní Dublin nígbà yẹn, ọmọ rẹ̀ sì mú un lọ najú ní Hawaii. Nígbà tó dé, ọ̀rọ̀ ọgbà kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àṣà àwọn onílẹ̀, ni kò jẹ́ ká sinmi. Ó ní láyé àtijọ́, arúfin tí wọ́n fẹ́ pa, tó bá ti lè wẹ òkun dé inú ọgbà náà, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́.

Bó ṣe sọ àga pupa ẹ̀gbẹ́ fèrèsé di ọgbà nìyẹn. Á ní kí oníbàárà wá ní aago mẹ́wàá, òun fúnra rẹ̀ á dé ní aago méjìlá, kò ní bọ́ kóòtù, àga yẹn ló máa gbà lọ tààrà.

"Ẹ má bínú, mo ti wọ ọgbà."

Ẹni tó ń bínú á bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, mo fi áyọ́ọ̀nù irun jó wíìgì tí ọ̀gá mi máa ń dé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó tó ti yàrá ẹ̀yìn jáde, mo ti wà lórí àga.

"Mo ti wọ ọgbà, mà."

Ó wo wíìgì, ó wò mí. "Grand," ló wí, bí àwọn ará Dublin ṣe ń sọ pé kò burú. Ó po tíì fún mi, ó fa àga mìíràn wá síwájú mi, ó jókòó, ó gbé kóòmù lé itan. Mo dúpẹ́. Ó tún po òmíràn. Nígbà tó gbé ife kẹta dé, ìtọ̀ ti ń gbọ̀n mí.

"Rọra mu ún," ló wí. "Wọn ò kọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì sínú ọgbà yẹn."