Fọ́tò Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yà

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń ya ara mi ní fọ́tò kí n tó rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Kì í ṣe ti ká na fóònù síwájú ká rẹ́rìn-ín o. Màá gbé fóònù lé orí àpò gàrí nínú ahéré tí ìyá mi ti ń yan gàrí ní Lálúpọn, màá ní kó ka mẹ́wàá kó tó yà, màá wá sáré lọ dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Àìmọye ìgbà ló jẹ́ pé ẹ̀yìn mi nìkan ló máa ń yà. Olórí kunkun ni mí, mi ò jáwọ́.

Nínú èyí tí mo wá mú, èmi rèé nídìí ààrò, nínú aṣọ iṣẹ́, òógùn ń ṣàn lójú mi, èéfín yí mi ká. Mo lọ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá n'Ìbàdàn, mo fi í sínú férémù. Mo gbé e dání lórí ọ̀kadà bọ̀ wálé, mo kọjú rẹ̀ síta kí gbogbo ayé lè rí i.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, fọ́tò ńlá tí wọ́n bá ń gbé lọ lórí ọ̀kadà, ti olóògbé ni. Mo sì ti fi ìborùn bo imú nítorí eruku, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni mo gbé ara mi dání. Mo yà ra búrẹ́dì. Kí n tó délé, ìròyìn ikú mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Mo bá ìyá mi nílẹ̀, àwọn aládùúgbò dì í mú.

Nígbà tó rí mi, ó kọ́kọ́ fọ́ mi létí, kó tó wá dì mọ́ mi.

Ó ní, “Alààyè kì í gbé ara ẹ̀ kọ́ ògiri. Gbé e kúrò lójú mi!”

Mo gbé fọ́tò náà sẹ́yìn kọ́ńbọ́ọ̀dù. Ìgbátí yẹn ò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé kò tiẹ̀ wò ó.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo ti iléèwé tí mo ti ń kọ́ni dé, mo bá àwọn ìyá ìjọ ní pálọ̀, fọ́tò mi sì wà lára ògiri. Ìyá mi ní níbi tóun ti ń gbálẹ̀ lòun ti fà á jáde, tóun wò ó títí ọbẹ̀ òun fi jóná.

Ọ̀kan nínú wọn bi í pé, “Màmá, fọtógíráfà wo ló ya èyí?”

“Òun fúnra ẹ̀ ni. Ẹnì kankan ò bá a fọwọ́ kàn án.”

Orí mi wú, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ọba.

Ìyá mi ò tíì gbójú kúrò lára ògiri. Ó ní, “Látìgbà tí mo ti ń yan gàrí, mi ò mọ̀ pé iṣẹ́ náà lẹ́wà tó báyìí.”