Ibi Ọmọ Wa Nínú Ìgò Àbẹ́là

Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń tán lọ, Òkìtìpupa ni mo ti ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì, ohun kan ṣoṣo ló sì gba ọkàn mi: ibi ọmọ. Ọmọ inú oyún kì í fi imú mí. Ibi ọmọ ló ń bá a gba ọ́síjìn lára ìyá rẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń ṣe bí ọ́síjìn bá dínkù. Ó dà bí ilé tí iná mànàmáná ti lọ: fáànù á dákẹ́, fìríìjì á sùn, a ó wá lọ gbé àtùpà tó ti ń gba eruku ní igun ilé. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ń ṣe àwọn jíìnì rẹ̀, ìyẹn àwọn àṣẹ inú rẹ̀ tó ń darí iṣẹ́ rẹ̀. Á pa àwọn kan, á tan àwọn mìíràn, kí ọmọ lè yè.

Àmọ́ n kò rí ibi ọmọ lò. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ta ni yóò gbé e fún àjèjì bíi tèmi? Ẹbí á ti gbé ìkòkò dúró dè é, wọ́n á lọ sin ín sí ẹ̀yìnkùlé. Láìsí i, ìwádìí mi ò lè tẹ̀ síwájú.

Nígbà tí ìyàwó mi lóyún, ìdùnnú mi di méjì. Lọ́jọ́ tó bí, mo gbé kúlà oníyìnyín dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìgbẹ̀bí. Ìyá ìyàwó mi ti Ìlútítun wá, ó ti dúró síbẹ̀ tòun ti ìkòkò tuntun. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní obìnrin ni, tìyá tọmọ wà láyọ̀. Àwa méjèèjì nawọ́ sí abọ́ tó gbé ibi ọmọ sí.

"Ọkọ ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ sè é ni?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì ti ilẹ̀ ṣàlàyé iná àti àtùpà.

"Ìyá, ẹ fún wọn díẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mo fẹ́ nulẹ̀."

Ìyá fún mi ní èyí tó tó awẹ́ obì, ṣùgbọ́n ó ní ó gbọ́dọ̀ padà sínú ìkòkò kí oòrùn tó wọ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì bá a lọ. Bí èmi, Ìyá àti ìkòkò ṣe wọ ọkọ̀ ìjàpá mi nìyẹn.

A kò ní ẹ̀rọ tó ń dín ọ́síjìn kù nílé ẹ̀kọ́ wa. Àbẹ́là là ń tàn sínú ìgò ńlá, a ó dé e pinpin. Bí ó bá kú, ọ́síjìn ti dínkù nìyẹn. Mo gbé awẹ́ ibi ọmọ náà sínú ìgò, mo tan àbẹ́là, mo dé e. Iná náà gbọ̀n díẹ̀, ó kú.

Ìyá fò dìde. "Ó ti kú!"

"Ohun tí mò ń wá nìyẹn, Ìyá."

"Ibi ọmọ àti ọmọ, ọ̀kan náà ni! Ṣé ọmọ mi ṣì ń mí báyìí?"

"Ó ń mí, Ìyá. Imú ara rẹ̀ ló ti fi ń mí báyìí."

"Ta ló sọ fún ọ? Oṣù mẹ́sàn-án ni èyí fi tan àtùpà fún ọmọ. Ó ṣiṣẹ́ tán, ìwọ bàbá ọmọ lo tún wá ń pa iná mọ́ ọn lójú!"

Kí n tó fèsì, ó ti ṣí ìgò, ó ń fi etí ìró rẹ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo atẹ́gùn Òkìtìpupa wọ inú ìgò. Ìwádìí mi parí síbẹ̀.

Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí a sin ìkòkò náà sí. Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ ìyàwó mi, ọmọ ń ké débi pé àwọn abiyamọ yòókù ti fi ọwọ́ dí etí.

"O gbọ́ bí?" ni Ìyá wí. "Torí pé mo tètè ṣí ìgò yẹn ni."

Ìyá ti lọ báyìí. Bí ọmọ yẹn bá pè mí lórí fóònù, láti ẹ kú àárọ̀ títí dé ó dàbọ̀, kì í dúró mí. Mo máa ń gbé fóònù jìnnà sí etí, kí n máa rẹ́rìn-ín. N kò ní ìgò tí mo lè fi wádìí bóyá ìgò tí Ìyá tètè ṣí lọ́jọ́ náà ló fà á, àmọ́ ká ní Ìyá wà ni, à bá jọ jiyàn lé e lórí.